Ohun Tí Mo Kà Nínú Garawa Ìdọ̀tí

Fadérera, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Aberdeen.
Mi ò ka ìwé tí o fẹ́ lọ kà,
ṣùgbọ́n mo ti ka garawa ìdọ̀tí àwọn tó kà á.

Bọ́ bàtà rẹ. Jókòó. Tíì rẹ ń tutù.

Má ra gbogbo ìwé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.
Oṣù Kẹfà ni mo máa ń kó wọn jáde,
wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá,
ìwé iye owó ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn.
Ilé ìkàwé wà níbẹ̀, gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dókè,
wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà.
Ìkòkò kan tó fún ọ. Ṣíbí méjì ni kí o rà:
ìkejì, ti ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ.

Tó bá wù ọ́ láti dín dòdò láago méjì òru,
ṣí fèrèsé, mo bẹ̀ ọ́.
Bí agogo iná bá fi ké,
igba èèyàn á dúró síta nínú òjò pẹ̀lú aṣọ oorun,
ojú rẹ ni wọn á sì máa wò.

Wọn ò ní lè pe orúkọ rẹ.
Ẹnìkan á pè é bí ẹni ń pe orúkọ oògùn ikọ́.
Dúró tì í. Kọ́ ọ ní sílébù kọ̀ọ̀kan.
Èmi Morádéún, ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́,
mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Mary.
Wo káàdì ọrùn mi.
Mary ṣì ni.

Olùkọ́ rẹ lè ní kí o máa pe òun ní Fiona.
Ẹnu rẹ á wúwo. Pè é bẹ́ẹ̀.
Tí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kúnlẹ̀ nínú ọkàn rẹ.
Tí ọ̀rọ̀ kò bá sì yé ọ, sọ pé kò yé ọ.
Gbogbo orí tó ń mì nínú kíláàsì yẹn,
orí alángbá ni:
mímì kọ́ ni gbígbọ́.

Ẹyẹ òkun ibí kò nítìjú.
Di ọ̀dùnkún díndín rẹ mú.

Tó bá di oṣù Kejìlá,
oòrùn á máa ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ jẹun:
ó dé, kò ṣí fìlà, ó ti ń dágbére.
Aago mẹ́ta ààbọ̀, ilẹ̀ ti ṣú.
Má rò pé ìwọ lo bàjẹ́.
Ilẹ̀ ló ṣú.

Ọmọkùnrin kan wà ní yàrá kẹrìnlá.
Mo dé ibẹ̀, garawa rẹ̀ ṣófo.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣófo.
Ẹni tó ń jẹun a máa da nǹkan nù.
Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo kanlẹ̀kùn
(wọn ò sanwó ilẹ̀kùn kíkàn fún mi).
Ó ní òun ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
Mo ní, iṣẹ́ mi ni kí wọ́n yọ mí lẹ́nu.
A jọ jẹ búrẹ́dì mi lórí àtẹ̀gùn, a ò sọ̀rọ̀.
Fife ni ilé wọn o, Fadérera.
Kò tó wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojúurin.
Ìwọ tó wọ bàálù méjì ńkọ́?

Nítorí náà, bí ìyá rẹ bá béèrè bóyá o ti jẹun,
má kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.
Sọ ohun tí o jẹ.

Kì í ṣe èmi ni yóò máa gbálẹ̀ yàrá rẹ.
Jean ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé tìrẹ, orúnkún ń dùn ún.
Á ti mọ̀ ọ́ kí o tó mọ̀ ọ́n.
Tí o bá rí i láàárọ̀, sọ pé ẹ kú iṣẹ́,
Yorùbá gidi ni kí o fi sọ ọ́.
Mo ti kọ́ Jean bó ṣe máa dáhùn.